Bí A Ṣe Lè Fi Oúnjẹ Oní-fáíbà Tún Ìfun Ṣe, Kí Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Lè Dín Kù

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ènìyàn pé àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí onítọ̀hún sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni oògùn tí yóò fọ ẹ̀dọ̀ náà mọ́. Ìbéèrè náà yé mi, nítorí pé ẹ̀rù máa ń bani nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ àrùn mọ́ ẹ̀yà ara tí a kò lè fojú rí, tí kò sì dùn wá rí. Ṣùgbọ́n ìfun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yíjú sí, nítorí pé ohun tí ìfun bá fi ránṣẹ́ ni ẹ̀dọ̀ ń gbà. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ ẹ̀dọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ń gba inú iṣan ńlá kan tí ó ti ọ̀dọ̀ ìfun àti àwọn ẹ̀yà ara tí ó múlé tì í wá. Ṣúgà tí ara fà láti inú oúnjẹ, májèlé tí ó yọ́ gba ara ìfun kọjá, àti gbogbo ohun tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń ṣe jáde, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá pàdé kí wọ́n tó dé ibòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ara ẹ̀dọ̀ rẹ̀ balẹ̀ ní láti mọ ohun tí ó ń fi bọ́ ìfun, àti ní pàtàkì, bóyá fáíbà, ìyẹn apá ohun ọ̀gbìn tí ara kò lè dà, tó nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tí ó gbé ọ̀rá dé inú ẹ̀dọ̀

Ọ̀rá díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ kì í ṣe àrùn. Ìgbà tí ó bá ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni àwọn dókítà máa ń pè é ní àrùn ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, ó sì ju àgbàlagbà 1 nínú 4 lọ lágbàáyé tí ó ní in. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rá inú oúnjẹ ni ó lọ tààrà síbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Nígbà tí a bá ń jẹ ju ohun tí ara ń lò lọ, pàápàá ṣúgà àti oúnjẹ tí ó tètè ń di ṣúgà, ínsúlínì, họ́mónù tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà náà di ọ̀rá. Bí ara bá wá di ẹni tí kò gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́, ọ̀rá tí ó yẹ kí ó dúró sí abẹ́ awọ ara yóò tún máa ṣàn wá bá èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Lára ẹlòmíràn, ọ̀rá náà yóò kàn wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìṣe nǹkan kan. Lára ẹlòmíràn, ẹ̀dọ̀ yóò wú, wíwú náà yóò di àpá, àpá yóò sì le débi pé ẹ̀dọ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́, tàbí kí jẹjẹrẹ wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá rí orúkọ méjì lórí ìwé àyẹ̀wò, kí ó má ṣe dà yín láàmú. Orúkọ tí a ń gé kúrú sí NAFLD tẹ́lẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ yí padà sí MASLD ní ọdún 2023, kí ó lè hàn nínú orúkọ náà pé bí ara ṣe ń lo ṣúgà àti ọ̀rá ni ìdí àrùn náà, kí orúkọ náà má sì máa bu ẹnikẹ́ni kù.

Oògùn wà lóòótọ́. Ní ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti wú, tí àpá inú rẹ̀ sì ti pọ̀ díẹ̀ láìtíì le tán. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ nípa oògùn náà ni pé kí a lò ó pẹ̀lú àtúnṣe oúnjẹ àti eré ìdárayá. Kò sí ọ̀nà kankan nínú ìtọ́jú àrùn yìí tí kò gba ẹnu abọ́ kọjá.

Iṣẹ́ tí fáíbà ń ṣe

Fáíbà ni apá ohun ọ̀gbìn tí ara ènìyàn kò ní èròjà tí ó lè dà á: èèpo ọkà, awọ ẹ̀wà, iṣan ewé, àti ohun tí ó so ẹran ara èso pọ̀. Ó ń gba inú ìfun kékeré kọjá láìyí padà, ó sì ń gúnlẹ̀ sínú ìfun ńlá, níbi tí àìmọye bakitéríà ti ń dúró dè é. Àwọn ni wọ́n ń mú un kan, bí a ṣe ń jẹ́ kí wàrà tàbí ìyẹ̀fun kan, nínú kíkan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe àwọn ásíìdì kéékèèké mẹ́ta tí orúkọ wọn ń jẹ́ ásítéètì, própíónéètì àti bútíréètì.

Bútíréètì ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni oúnjẹ pàtàkì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ìfun ńlá ń jẹ. Nígbà tí wọ́n bá yó, wọ́n máa ń fara mọ́ra wọn típẹ́típẹ́, omi yíyọ̀ tí ó bo orí wọn yóò sì nípọn tó láti jẹ́ kí bakitéríà jìnnà sí wọn. Nígbà tí fáíbà kò bá dé, nǹkan á yí padà. Ebi á pa àwọn bakitéríà, àwọn kan nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ omi yíyọ̀ náà gan-an. Ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ odi á wá dà bí ajere, ègé ara bakitéríà, pàápàá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní LPS, á sì máa jò gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ẹ̀dọ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Kupffer. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè ni wọ́n. Nígbà tí LPS bá kan wọ́n lára, wọn á rò pé ọ̀tá ti wọ̀lú, wọn á sì dá ìjà sílẹ̀. Ìjà náà ni a ń pè ní wíwú. Bí jíjò yìí bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan, yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún tẹ́lẹ̀, ó wà lára ohun tí ń sọ ọ̀rá lásán di àpá. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń sọ pé ìgbẹ́ yíyà nìkan ni fáíbà wà fún.

Àǹfààní mìíràn ṣì wà. Àwọn ásíìdì kéékèèké wọ̀nyí máa ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ìfun jí láti tú àwọn họ́mónù jáde, lára wọn ni GLP-1, tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn tètè yó, tí ó sì ń bá ínsúlínì ṣiṣẹ́; họ́mónù yìí kan náà ni àwọn oògùn tuntun kan fún àtọ̀gbẹ àti ìsanra ń fara wé. Fáíbà tí ó máa ń yọ̀ nínú omi, irú èyí tí ó wà nínú ọ́ọ̀tì, ọkà báálì àti ẹ̀wà, tún máa ń dín eré ṣúgà kù láti inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ínsúlínì fò sókè lójijì. Ó tún máa ń di òróòro mú, á sì gbé e jáde pẹ̀lú ìgbẹ́, ẹ̀dọ̀ á wá ní láti fa kọlẹ́sítẹ́róòlù inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òróòro mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń jẹ

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá jẹ àti ohun tí ẹ bá mu sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ má ṣe tún oúnjẹ yín ṣe nítorí pé ẹ ń kọ ọ́; òótọ́ ni a nílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa jẹ gíráàmù 25 fáíbà lójúmọ́ láti inú oúnjẹ gidi, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì ń sọ pé 30. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ka tirẹ̀ dáadáa ni yóò rí i pé òun kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ lè fi àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe ìṣirò. Ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bí gíráàmù 11 sí 15, irú ẹ̀wà ni ó ń mú un yàtọ̀. Gíráàmù 40 ọ́ọ̀tì gbígbẹ ní bíi 4. Èso ápù kan tí ó mọ níwọ̀n, tí a kò bó, ní bíi 4, ọsàn kan sì ní bíi 3. Ègé búrẹ́dì kan tí a fi odindi àlìkámà ṣe ní bíi 2, ṣùgbọ́n búrẹ́dì funfun kì í sábà pé 1. Ife ìrẹsì sísè kan tí a kò bó èèpo rẹ̀ ní bíi 3 sí 4, nígbà tí ti ìrẹsì funfun kò pé 1. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ní bíi 2. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti òróró kò ní rárá. Ní ti oúnjẹ inú páálí, ẹ wo iye fáíbà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ fún gíráàmù 100: ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin gba ilé iṣẹ́ láyè láti kọ ọ́ pé fáíbà pọ̀ nínú ọjà òun bí ó bá tó 6, mo sì rò pé ìwọ̀n náà dára fún ẹnikẹ́ni níbikíbi.

Bí ẹ ó ṣe máa fi kún un

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó ń jẹ gíráàmù 12 lójúmọ́, tí ó wá fò sí 30 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú rẹ̀ yóò wú, gáàsì yóò dà á láàmú, yóò sì pinnu pé fáíbà kò bá òun lára mu. Kì í ṣe fáíbà ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn bakitéríà tí ó mọ iṣẹ́ náà kò tíì pọ̀ tó ni. Ẹ fi nǹkan bí gíráàmù 5 kún ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún fi 5 mìíràn kún un. Bí inú bá ṣì ń wú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kejì kún ìdúró náà. Ní bíi oṣù kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè dé ibi tí wọ́n ń lọ láìsí ìnira. Kí omi mímu sì pọ̀ sí i bí fáíbà ṣe ń pọ̀, nítorí pé fáíbà láìsí omi lè mú kí ìgbẹ́ gan.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó rọrùn jù láti fi ohun kan pààrọ̀ òmíràn ju kí a máa wá oúnjẹ tuntun lọ. Ẹ pa búrẹ́dì funfun tì fún ti odindi àlìkámà, kí ẹ sì jẹ èso dípò kí ẹ mu omi rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú ẹ̀wà wọlé, ìlàjì ife lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ da omi rẹ̀ nù kí ẹ tó sè é, nítorí pé ó máa ń dín gáàsì kù. Bí gbogbo ìmọ̀ràn inú ìwé yìí bá pọ̀ jù fún yín, ti ẹ̀wà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́. Kò sí oúnjẹ mìíràn tí ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń kó fáíbà tí ń yọ̀ nínú omi, fáíbà tí kì í yọ̀ àti èròjà amúnidàgbà pọ̀ sínú abọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì àwo ní oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ irú èyí tí ẹ ń jẹ, nítorí pé oríṣiríṣi bakitéríà ni ó wà, oúnjẹ tí oníkálukú wọn fẹ́ràn sì yàtọ̀.

Irú kan wà tí ó yẹ kí n dá dárúkọ, èyíinì ni sítáàṣì tí kì í dà nínú ìfun kékeré. Ó wà nínú ẹ̀wà, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, àti nínú ìrẹsì tàbí ọ̀dùnkún tí a sè tí a sì jẹ́ kí ó tutù dáadáa. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Ṣáínà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 200 ènìyàn tí ó ní àrùn yìí: fún oṣù mẹ́rin, wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù 40 irú sítáàṣì yìí lójúmọ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní sítáàṣì lásán. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn tí ó jẹ ti àkọ́kọ́ dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n fọn nìkan, nítorí pé ìyàtọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n yọ ti fífọn kúrò nínú ìṣirò. Gíráàmù 40 ju ohun tí ìrẹsì tútù lè fún ènìyàn lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí irú àbájáde bẹ́ẹ̀ láti inú àwo ìrẹsì kan. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ọ̀nà tí ó ti ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀ wà lóòótọ́ lára ènìyàn, kì í ṣe lára eku nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ìrẹsì tútù, ẹ gbé e sínú fìríìjì láìpẹ́ tí ẹ sè é tán, má ṣe jẹ́ kí ó sùn síta, nítorí pé májèlé kan wà tí ó máa ń hù nínú rẹ̀ tí gbígbóná rẹ̀ lẹ́yìn náà kò lè pa.

Ohun tí fáíbà kò lè dáàbò bo yín lọ́wọ́ rẹ̀

Ohun mímu dídùn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mẹ́nu bà. Frúkítóòsì, tí ó jẹ́ ìdajì ṣúgà tí a ń rà lọ́jà, ẹ̀dọ̀ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì yá a láti sọ di ọ̀rá. Nínú odindi èso, fáíbà máa ń dá a dúró kí ó máa wọlé díẹ̀díẹ̀, jíjẹ rẹ̀ sì ń gba àsìkò. Nínú omi èso tí a ti fún, fáíbà ti lọ, èso mẹ́rin lè wọ inú ife kan, a ó sì mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ń jẹ gíráàmù 30 fáíbà tí ó sì ń mu ìgò ohun mímu dídùn méjì lójúmọ́ ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí, tí ó ń ṣe ẹ̀dọ̀ níbi tí ó wà, tí ó sì ń mú kí ìfun jò sí i.

Ìyẹ̀fun fáíbà inú agolo ńkọ́? Mi ò sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n n kì í fi ṣe ìpìlẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí fún àwọn eku kan ní ínúlínì, irú fáíbà kan tí a yọ sọ́tọ̀, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú àwọn kan nínú eku tí bakitéríà inú ìfun wọn ti dàrú tẹ́lẹ̀. Eku kì í ṣe ènìyàn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù àlùbọ́sà àti aáyù tí ínúlínì wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé fáíbà kan ṣoṣo tí a yọ kúrò nínú oúnjẹ, tí a sì ń dà sínú ìfun tí kò gún régé, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àwo ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́.

Àwọn tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀

Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le fún àpá, bí omi bá ń gbára jọ sínú ikùn, bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun rí, tàbí bí ìfun yín bá ní ibi tí ó fún, ẹ má ṣe fi fáíbà kún oúnjẹ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí oògùn mìíràn tí ń lé ṣúgà wálẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò léraléra, nítorí pé ìwọ̀n oògùn tí ó bá a mu tẹ́lẹ̀ lè di èyí tí ó pọ̀ jù. Ìyẹ̀fun fáíbà lè di oògùn mú nínú ikùn, nítorí náà ẹ fi wákàtí bíi méjì sí àárín wọn, kí ẹ sì fi omi tí ó tó mu ún, nítorí pé ó lè wú dí ọ̀nà ọ̀fun. Ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ojú tí ó pọ́n bí ìyeyè, tàbí rírù láìnídìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáíbà mọ́. Ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Àwọn bakitéríà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan tí oúnjẹ bá ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, kí ẹ sì fi okùn ìwọ̀n wọn ìbàdí. Fún ẹni tí ó sanra, bí ó bá dín ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kù nínú ìwúwo ara rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ yóò dín kù. Bí ó bá dé 7 sí 10, wíwú náà sábà máa ń rọlẹ̀. Bí ó bá kọjá 10, àpá pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Fún ẹni tí ó wúwo tó kílò 90, ìyẹn túmọ̀ sí kílò 4.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ àti 9 ní ìgbẹ̀yìn. Rírìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò ràn án lọ́wọ́, ó sì máa ń dín ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ kù kódà nígbà tí ìwúwo ara kò bá yí padà púpọ̀, nítorí náà kí àwọn tí kò sanra tí ó ní àrùn yìí má ṣe fo apá yìí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ìwọ̀n ALT àti AST, àwọn èròjà tí ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọkàn tán àwọn nìkan, nítorí pé wọ́n lè wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ nígbà tí àpá ṣì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí ó bá yín ṣírò FIB-4, tí ó ń lo ọjọ́ orí, ALT, AST àti iye pílátílẹ́ẹ̀tì (àwọn ègé inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) láti sọ bóyá ewu àpá pọ̀. Bí ó bá ga, àyẹ̀wò tí ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó ni ó kàn. Ẹ mú ìwé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn lọ bá dókítà, kí ẹ tún kọ ti ọjọ́ mẹ́ta mìíràn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òun náà lè rí iye gíráàmù tí ẹ ti fi kún un.